Létí Ojú-Ìwé

Ọyẹ́ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé ní Samaru.
Saminu fi ṣọ́ọ̀kì pín pátákó sí àpótí kéékèèké,
ó ní àwọn àṣẹ tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé kò gùn dọ́gba.
Òmíràn kò ju báìtì kan lọ, ó kúrú bí "wá".
Òmíràn gba mẹ́ta.
Òmíràn á máa wọ́ tuuru
bí ọkọ̀ ojú irin ẹlẹ́rù tó ń la Zaria kọjá,
tí o kò ní mọ iye tó so mọ́dìí
àfi tí ìrù rẹ̀ bá kọjá lójú rẹ.
Kò gbọdọ̀ ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ ṣá. Tó bá di mẹ́rìndínlógún, ẹ̀rọ á kọ̀ ọ́.

Mo nawọ́.
"Bí àṣẹ bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ojú-ìwé kan ńkọ́,
tí ìyókù rẹ̀ wà lókè èkejì,
tí èkejì ṣì wà nínú àká, tí wọn ò tíì gbé e jáde?"

"Yauwa," ni Saminu wí. Ó gbọn eruku ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

Àwa máa ń ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí,
tó bá dénú rẹ̀, a di odidi.
Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ọmọlúàbí.
Àbọ̀ ọ̀rọ̀ dénú rẹ̀, àbọ̀ náà ló ń jẹ́.
Kì í méfò. Ó dúró gbagidi.
Àwọn àṣẹ tó ṣáájú, ó ti parí wọn pátá;
èyí tó há sí i lọ́fun, ó pọ̀ ọ́,
kò sí àpá ìka rẹ̀ lára ohunkóhun.
Ó wá kọ àdírẹ́sì kan sílẹ̀:
kì í ṣe ibi tí ojú rẹ̀ kà dé,
ibi tí àṣẹ náà ti yọ orí ni.
Ó ké sí alábòójútó. Ìyẹn á lọ gbé ojú-ìwé wá,
á tẹ́ ẹ sílẹ̀, á ní ó yá.
Ẹ̀rọ á tún bẹ̀rẹ̀ láti báìtì àkọ́kọ́
bí ẹni tí kò rí i rí.

Nítorí bó bá padà sí àárín,
ìrù á máa pe ara rẹ̀ lórí.
Kà á láàárín, Ọdẹ́wálé á di "wálé",
ẹnì kan á sì di ẹrù rẹ̀, á kọrí sílé
láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

Oṣù Kejìlá ọdún yẹn, iná ti lọ,
ẹ̀wà ń hó lórí sítóòfù.
Fóònù mi gbọ̀n. Wúràọlá ni, láti Ọ̀fà:
"Baba ku"
Ó parí síbẹ̀. Kò sí àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ kankan.
Ìyókù há sójú ọ̀nà, bóyá lórí òpó kan nítòsí Jẹ̀bbà.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo figbe ta.
Talatu sáré wá láti yàrá kejì, ó gbá mi mú,
ó ń fi Hausa rọ̀ mí bí wọ́n ṣe ń rọ ọlọ́fọ̀.
Ẹ̀wà jóná.
Mo ti pe àbúrò mi ní Kaduna, òun náà ti bú sẹ́kún.

Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí ojú-ìwé kejì tó wọlé:
"die ko de Zaria o. Toju ounje de e."

Ẹ̀rọ ì bá ti nu gbogbo rẹ̀ kúrò,
kó mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.
Èmi ò rí ẹkún Kaduna kó padà,
ohùn mi sì há fún ọjọ́ mẹ́ta.

Bàbá dé láago mẹ́sàn-án, eruku lórí fìlà,
iṣu mẹ́ta nínú àpò.
"Ta ló kú níbí?"
Mo ní ọyẹ́ ló wọ̀ mí lójú.
Ó jókòó. "Nígbà tí a kúrò ní Ọ̀fà, ọkùnrin kan…"
Mo gbé omi fún un. Ó mu ún tán, ó nu ẹnu,
ó gbójú sókè díẹ̀, ó tún mú un látorí:
"Nígbà tí a kúrò ní Ọ̀fà, ọkùnrin kan wọlé tòun ti ewúrẹ́,
kò sì ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un."